Abẹ́ Igi Àjàrà: Ilé Là Ń Wò Kí A Tó Sọ Ọmọ Lórúkọ

Ohun èlò onímọ̀ nípa ilẹ̀ kò pọ̀ nígbà tó bá ń wọ ọgbà àjàrà. Agolo irin kékeré kan, òòlù, àpò àti gègé ìkọ̀wé ti tó o. Yóò kúnlẹ̀ sí poro láàárín ìlà igi méjì, yóò gbá agolo náà wọ ilẹ̀, yóò sì kó erùpẹ̀ tó bá gbé jáde sínú àpò. Lẹ́yìn èyí, yóò kọ orúkọ ọgbà, ọjọ́, àti ohun tí olóko ń ṣe sí ilẹ̀ náà sára àpò: ó ń tú u tàbí kò tú u, ó ń fín oògùn apakoríko sí i tàbí ó jẹ́ kí koríko hù.

Nígbà tó bá dé ilé ìwádìí, yóò da erùpẹ̀ náà sórí asẹ́, yóò gbé asẹ́ lé ẹnu àrọ ńlá kan, yóò fi ìgò kékeré tó ní ọtí líle nínú sí ìdí àrọ, yóò sì tan gílóòbù iná sí òkè rẹ̀. Ó kù kí ó dúró. Díẹ̀díẹ̀ ni ooru iná yóò máa gbẹ erùpẹ̀ láti òkè wá. Gbogbo ohun abẹ̀mí tó ń gbé inú rẹ̀, tó kórìíra ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀gbẹlẹ̀, yóò máa sá lọ sísàlẹ̀, títí ilẹ̀ yóò fi tán lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, tí wọn yóò sì já bọ́ sínú ìgò. Antonio Berlese, ọmọ ilẹ̀ Ítálì, ni ó gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní ọdún 1905, omi gbígbóná ni ó sì ń lò. Ní 1918, Albert Tullgren, ọmọ ilẹ̀ Súwídìn, fi gílóòbù iná rọ́pò omi náà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ṣì ń tọ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ohun tó wà nínú ìgò yóò dé abẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Níbẹ̀ ni ìlú kan tí ojú lásán kò lè rí ti ń fara hàn. Iye àwọn ará ìlú náà, àti irú ẹni tí wọ́n jẹ́, ń sọ òtítọ́ kan nípa ọgbà àjàrà tí orúkọ tí wọ́n kọ sára ìgò ọtí kì í sọ tán.

Ìbátan eégbọn tí kì í mu ẹ̀jẹ̀

Acarien ni àwọn Faransé ń pè wọ́n. Akáríẹ̀nì ni ahọ́n Yorùbá lè pè é. Ìbátan eégbọn àti aláǹtakùn ni wọ́n. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ni àgbà wọn ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ni ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin fi ń rìn. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò gùn tó mìlímítà kan. Àwọn kan nínú ìdílé náà ti ba orúkọ ìyókù jẹ́: àwọn kan ń fa kúrúnà sí ènìyàn lára, àwọn kan ń mu oje ewé títí ewé yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé inú ilẹ̀ kò bá ènìyàn jà. Iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe.

Ẹgbẹ́ méjì ló ṣe pàtàkì jù nínú wọn fún olóko. Èkínní ni oríbátè. Èèpo wọn le bí ẹ̀yìn ìjàpá, ìrìn wọn kò sì yá. Ewé tó ti ń jẹrà, gbòǹgbò tó ti kú, àti olu tíntìntín tó ń hù lára wọn, ni oúnjẹ wọn. Ó ti lé ní 10 000 irú oríbátè tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ káàkiri ayé. Nínú ilẹ̀ igbó tí ẹnikẹ́ni kò yọ lẹ́nu, akáríẹ̀nì lè ju 100 000 lọ lórí ìwọ̀n ilẹ̀ tí mítà kan jẹ́ gígùn rẹ̀, tí mítà kan sì jẹ́ ìbú rẹ̀. Èkejì ni àwọn ọdẹ. Ẹsẹ̀ wọn yá, ẹnu wọn mú, wọ́n sì ń dọdẹ aràn tíntìntín àti àwọn kòkòrò pẹ́pẹ̀pẹ́ mìíràn kí wọn má baà pọ̀ jù.

Àgbẹ̀ tó gbọ́ èyí lè béèrè ohun tí irú ẹ̀dá bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún igi. Àwọn àgbà ti dáhùn ṣáájú: bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Nígbà tí ewé bá bọ́ sílẹ̀, oúnjẹ wà nínú rẹ̀ fún igi, ṣùgbọ́n gbòǹgbò kò lè jẹ ewé. Ewé náà gbọ́dọ̀ di wẹ́wẹ́, kí ó jẹrà, kí ó di ilẹ̀dú, kí omi tó lè gbé adùn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ gbòǹgbò. Àwọn oríbátè ń gé ewé wẹ́wẹ́, wọ́n ń jẹ olu orí rẹ̀, wọ́n sì ń gbé irúgbìn olu náà láti ibì kan dé ibòmíràn. Ekòló ń la ọ̀nà gbòòrò nínú ilẹ̀. Akáríẹ̀nì ń wọ ihò tóóró tí ekòló kò lè gbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ohun kan wà tó mú kí oríbátè jẹ́ ẹlẹ́rìí tó dára ju àwọn yòókù lọ: wọn kì í yára bímọ. Ẹyin wọn kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ irú wọn ń lo oṣù púpọ̀, àwọn mìíràn ń lo ju ọdún kan lọ, kí wọ́n tó dàgbà. Bí ìyọnu bá kọlu ilẹ̀ lónìí, àwọn kòkòrò tó ń bímọ kíákíá lè kún padà kí ọdún tó yí po. Oríbátè kò ní lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ilẹ̀ tí oríbátè ti pọ̀, tí irú wọn sì pé oríṣiríṣi, ilẹ̀ tó ti rí ìsinmi fún ìgbà pípẹ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò lè fi oṣù mẹ́ta ra ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ogún tí ilẹ̀ àjàrà jẹ

Àjàrà kì í ṣe àgbàdo. Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo lè gbé oko rẹ̀ lọ sí ibòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀, tàbí kí ó gbin ẹ̀wà sí ojú ibẹ̀. Igi àjàrà ń dúró sí ojú kan fún ọgbọ̀n ọdún, ogójì ọdún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ hú u, àjàrà mìíràn ni wọ́n sábà máa ń gbìn rọ́pò rẹ̀. Ohunkóhun tí baba bá dà sí ilẹ̀ náà, ọmọ ni yóò bá a níbẹ̀.

Ní ilẹ̀ Faransé, ohun tí àwọn baba dà sílẹ̀ kò kéré, ìpọ́njú ni ó sì fà á. Láàárín àwọn ọdún 1860, kòkòrò kan tó ń jẹ́ phylloxera dé láti Amẹ́ríkà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu oje gbòǹgbò àjàrà. Ọgbà tó kún fún ewé lánàá di igi gbígbẹ. Ní 1868, Jules Émile Planchon, onímọ̀ ewéko ní Montpellier, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí kòkòrò náà lára gbòǹgbò. Lára àwọn ohun tí wọ́n dán wò láti gbógun tì í ni akáríẹ̀nì kan: ní 1873, Charles Valentine Riley, onímọ̀ kòkòrò ní ìpínlẹ̀ Missouri, fi akáríẹ̀nì kan tí ń jẹ phylloxera ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà sí ilẹ̀ Faransé. Nínú ìtàn iṣẹ́ yìí, ó wà lára àwọn ìgbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó irú ọdẹ kékeré bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ ńlá kan lọ sí òmíràn. Akáríẹ̀nì náà yè ní ilé rẹ̀ tuntun, ṣùgbọ́n kò lè borí ọ̀tá. Ohun tó gba ọgbà àjàrà là nígbẹ̀yìn ni pé wọ́n lọ́ ẹ̀ka àjàrà Faransé mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, èyí tí phylloxera kò lè pa.

Wàhálà yìí kò tíì tán tí òmíràn fi dé. Ní 1878 ni wọ́n rí àrùn kan tí wọ́n ń pè ní mildiou lára ewé àjàrà ilẹ̀ Faransé. Ẹ̀dá tíntìntín kan tó jọ olu ló ń fà á, ó sì ń pa ewé àti èso bí òjò bá pọ̀. Ní 1882, Alexis Millardet, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Bordeaux, ń rìn kọjá ní Médoc nígbà tó rí i pé àwọn igi tó wà létí ọ̀nà ṣì ní ewé tútù, tí ewé àwọn tó wà láàárín ọgbà sì ti re. Ó béèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n sọ fún un pé wọ́n fi iyọ̀ bàbà àti ẹfun wọ́n àwọn igi etí ọ̀nà kí àwọn tó ń kọjá má baà jí èso ká. Ohun tí wọ́n fi dẹ́rù ba olè ni ó lé àrùn lọ. Millardet dán an wò dáadáa, ó sì kéde rẹ̀ ní 1885. Bouillie bordelaise ni wọ́n ń pe àdàlù náà títí di òní.

Láti ìgbà náà wá, ọdọọdún ni bàbà ń kán láti ara ewé sórí ilẹ̀ ọgbà àjàrà. Oògùn mìíràn lè jẹrà, kí oòrùn àti àwọn ẹ̀dá inú ilẹ̀ sì sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Bàbà kì í jẹrà. Òkè ilẹ̀ níbi tí ilẹ̀dú wà gan-an ni ó ń lẹ̀ mọ́. Ìwádìí kan tí ilé ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbé jáde ní 2018 fi hàn pé nínú kílò erùpẹ̀ kan láti ọgbà àjàrà Yúróòpù, bàbà tó nǹkan bí mìlígíráàmù 49 ní ìwọ̀n àárín, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bí 17 ni ìwọ̀n àárín fún gbogbo oríṣi ilẹ̀ pọ̀. Bàbà díẹ̀ kò burú. Ohun alààyè gbogbo ń lò ó. Bó bá pọ̀ jù, pàápàá nínú ilẹ̀ kíkan, ó ń ni ekòló lára, ó sì ń ba olu tí oríbátè ń jẹ jẹ́.

Ohun mẹ́ta tí olóko lè ṣe sí koríko

Ìjà ojoojúmọ́ olóko àjàrà kò ju ti àgbẹ̀ gbogbo lọ: koríko ni. Ọ̀nà tó bá gbà bá koríko jà ni ó ń pinnu ẹni tí yóò máa gbé abẹ́ ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀nà kìíní ni oògùn apakoríko. Ó rọrùn, owó rẹ̀ kò pọ̀, ẹnì kan sì lè ṣe é nínú ọkọ̀ rẹ̀. Ìpalára tó ga jù tí irú oògùn bẹ́ẹ̀ ń ṣe fún akáríẹ̀nì sábà máa ń gba ẹ̀yìn wá: nígbà tí koríko bá kú tán, ewé kò sí mọ́ tí yóò bọ́ sílẹ̀, gbòǹgbò kò sí mọ́ tí yóò jẹrà. Ilẹ̀ wà ní ìhòòhò. Oòrùn ń jó o, òjò ń nà án, ọ̀gbàrá sì ń kó o lọ. Oko àjàrà orí òkè wà lára àwọn oko tí ọ̀gbàrá ń fọ̀ jù ní Yúróòpù. Ìlú tí kò ní oúnjẹ kò ní ní ará ìlú.

Ọ̀nà kejì ni ìtúlẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ oògùn yóò fi ẹ̀rọ tú poro nígbà mẹ́ta, mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dún. Kò sí májèlé nínú irin. Ṣùgbọ́n irin ń dojú ilé dé. Ihò tóóró tí akáríẹ̀nì ń gbà rìn ń wó pa, ewé orí ilẹ̀ ń wọ ìsàlẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ ń bọ́ sí oòrùn. Àwọn tó ń bímọ kíákíá ń padà. Oríbátè tí kì í yára bímọ kò tíì tún ilé rẹ̀ kọ́ tán kí ẹ̀rọ tó tún dé.

Ọ̀nà kẹta ni kí olóko jẹ́ kí koríko hù láàárín ìlà, tàbí kí ó tilẹ̀ gbin irúgbìn tó yàn fúnra rẹ̀, kí ó sì máa gé e mọ́lẹ̀ láìhú u. Ewé tó gé di aṣọ fún ilẹ̀. Ọ̀rinrin ń pẹ́ lábẹ́ rẹ̀, gbòǹgbò ń di ilẹ̀ mú, oúnjẹ kì í tán. Nínú àwọn ìwádìí tó fi àwọn ọ̀nà wọ̀nyí wéra, níbi tí ewéko bá bo ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ẹ̀rọ kò sì sábà kàn án, ni àwọn akáríẹ̀nì ti máa ń pọ̀ jù, tí irú wọn sì máa ń yàtọ̀ síra jù.

Bí ó bá rọrùn bẹ́ẹ̀, gbogbo olóko ni ìbá ti ṣe é. Kò rọrùn. Koríko ń mu omi. Ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, ní Languedoc àti Provence, níbi tí ẹ̀ẹ̀rùn ti máa ń gbẹ ilẹ̀ kankan, koríko lè gba omi lẹ́nu àjàrà, kí èso kéré, kí owó sì kéré. Olóko tó ní gbèsè ní báǹkì kò lè fi ìkórè ọdún kan dán ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ wò lásán. Òmíràn ń jẹ́ kí koríko hù ní àkókò òjò nìkan, kí ó tó gé e kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé. Òmíràn ń bo poro kan, ó ń tú èyí tó tẹ̀ lé e. Irú ìwọ̀ntúnwọ̀nsì bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń gbé lórí.

Òfin náà ń tì wọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, Anses, àjọ tó ń bójú tó ààbò oúnjẹ àti àyíká ní ilẹ̀ Faransé, dín ìlò glyphosate kù nínú ọgbà àjàrà: kò sí ààyè fún un mọ́ láàárín ìlà níbi tí ẹ̀rọ bá lè kọjá, ìwọ̀n tí wọ́n sì gbà láyè kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 450 lọ fún hẹ́kítà kan lọ́dún. Ọ̀pọ̀ olóko tó fi oògùn sílẹ̀ ló padà sí irin.

Orúkọ kọ́ ni ilé

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di ìṣòro fún ẹni tó gbà pé orúkọ kan ṣoṣo tó láti ya oko rere sọ́tọ̀ kúrò lára oko búburú. Ẹni tó ń ra ọtí àjàrà ń wo àmì «bio» lára ìgò, ó sì ń rò pé ilẹ̀ tí èso náà ti wá ní àlàáfíà. Àmì náà kì í ṣe irọ́: kò fàyè gba oògùn apakoríko, kò fàyè gba ajílẹ̀ inú àpò tí ilé iṣẹ́ ń pèsè. Ṣùgbọ́n ó gba bàbà láyè, nítorí olóko bio kò ní ohun mìíràn tó lágbára tó láti fi dojú kọ mildiou. Òfin Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ ní 2019 sọ pé kò gbọdọ̀ ju kílò 28 lọ fún hẹ́kítà kan láàárín ọdún 7, bóyá oko náà jẹ́ bio tàbí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àmì bio kò sì ka iye ìgbà tí olóko tú ilẹ̀.

Ìwádìí kan tó jáde ní 2011 lórí àwọn ọgbà àjàrà Languedoc fi èyí hàn kedere. Àwọn olùwádìí fi àwọn ọgbà tó ti di bio fún ọdún 7, ọdún 11 àti ọdún 17 wé àwọn tí wọ́n ń ro bí àtẹ̀yìnwá. Wọ́n rí ire: ilẹ̀dú pọ̀ sí i, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò rí pọ̀ sí i, àwọn kan nínú aràn tíntìntín pọ̀ sí i. Wọ́n sì rí òdìkejì rẹ̀: ilẹ̀ náà ki sí i, àwọn ekòló tó ń gbé inú ilẹ̀ sì dín kù, nítorí pé ẹ̀rọ ń kọjá níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọwọ́ kan ń kọ́, ọwọ́ kejì ń wó.

Kì í ṣe pé kí ẹnikẹ́ni kẹ́gàn olóko bio. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni ilẹ̀ ń gbọ́. Kò gbọ́ orúkọ. Oko bio tó ní koríko, tí kò sì jìnnà sí ìwọ̀n nínú bàbà, lè kún fún oríbátè. Oko bio tí wọ́n ń tú ní gbogbo oṣù lè ṣófo ju ti aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní àmì kankan, ṣùgbọ́n tó bo ilẹ̀ rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ọgbà àjàrà, abẹ́ ilẹ̀ ni ilé náà wà.

Nítorí èyí ni àwọn onímọ̀ kan fi wá ọ̀nà láti wo ilé náà láìná owó púpọ̀. Ní 2001, Vittorio Parisi, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Parma ní ilẹ̀ Ítálì, gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní QBS. Àrọ Berlese náà ni wọ́n ń lò. Gbogbo ẹgbẹ́ ẹ̀dá tó bá já bọ́ sínú ìgò ní máàkì rẹ̀, láti 1 dé 20. Èyí tó kàn ń kọjá lórí ilẹ̀, tó ní ojú àti ìyẹ́, kò ní gba púpọ̀. Èyí tí ìgbésí ayé abẹ́ ilẹ̀ ti gba ojú rẹ̀, ìyẹ́ rẹ̀ àti àwọ̀ rẹ̀ ń gba púpọ̀, nítorí kò ní ibòmíràn láti sá sí bí ilẹ̀ bá bàjẹ́. Akáríẹ̀nì ń gba 20. Wọ́n á ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí àpapọ̀ bá ti ga tó ni ilẹ̀ ti ní àlàáfíà tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ ya oríbátè sọ́tọ̀ kúrò lára ọdẹ, kí ó sì mọ irú kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ lẹ́nu awò ni, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kò sì pọ̀ láyé.

Ohun tí ewé ti kọ́ wọn

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ akáríẹ̀nì ti yé àwọn olóko àjàrà tipẹ́, nítorí ewé ti fi jẹ wọ́n níyà rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí oògùn apakòkòrò tuntun kún ọjà, àwọn olóko fín in láìwo ẹ̀yìn. Kò pẹ́ tí akáríẹ̀nì pupa kan, tó ń mu oje ewé, fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ju bó ti wà tẹ́lẹ̀ rí lọ. Oògùn náà ti pa Typhlodromus pyri, akáríẹ̀nì ọdẹ tó ti ń jẹ akáríẹ̀nì pupa náà láti ìgbà láéláé láìsí ẹni tó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ra oògùn mìíràn láti pa ọ̀tá tí oògùn àkọ́kọ́ bí. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀nà tó dára jù ni kí wọ́n yan oògùn tí kò ní pa ọdẹ náà, kí wọ́n sì jẹ́ kí ó padà sílé. Lónìí, ní Burgundy àti ní ọgbà àjàrà ilẹ̀ Suwísì, olóko tó bá rí Typhlodromus lábẹ́ ewé rẹ̀ ń yọ̀.

Ìtàn yìí kò jìnnà sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àjàrà kò hù ní Kétu. Ní 1971 ni wọ́n kọ́kọ́ rí akáríẹ̀nì aláwọ̀ ewé kan lára ẹ̀gẹ́ ní Ùgáńdà. Láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá, níbi tí ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀. Ó tàn káàkiri oko ẹ̀gẹ́ Áfíríkà, ewé sì ń ká kò, ó ń pọ́n, ó ń rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń gbin ẹ̀gẹ́ jẹ kò ní owó oògùn. Àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí IITA, tó ní ibùdó ní Abomey-Calavi, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Bràsíìlì, wá ọ̀tá akáríẹ̀nì náà lọ sí ilé rẹ̀. Wọ́n rí i ní àríwá ìlà-oòrùn Bràsíìlì, apá ilẹ̀ kan náà tí ọ̀pọ̀ baba ńlá àwọn Àgùdà Àjàṣẹ́ ti padà wá. Typhlodromalus aripo ni orúkọ rẹ̀, akáríẹ̀nì ọdẹ ni òun náà. Ní 1993 ni wọ́n tú u sílẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀. Ní ọ̀sán, ó ń sinmi nínú ọ̀mùnú ẹ̀gẹ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ewé lọ dọdẹ. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn lọ sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ohun tí akáríẹ̀nì Riley kò lè ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní 1873, akáríẹ̀nì Bràsíìlì ṣe é ní Bẹ̀nẹ̀ ní ọgọ́fà ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tó ń kórè ẹ̀gẹ́ lónìí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣọ́ oko fún wọn lóru.

Ìyẹn ni ti ewé. Ti ilẹ̀ ni kò tíì ní ìtàn tó bẹ́ẹ̀, ìdí sì wà tí ó fi yẹ kí ó ní in. Láti Pọ́bẹ̀ dé Àjàṣẹ́, ilẹ̀ pupa tí wọ́n ń pè ní terre de barre ti bọ́ àwọn ènìyàn fún ìgbà pípẹ́, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́ nítorí pé ìsinmi rẹ̀ kúrú. Nígbà tí ilẹ̀ pọ̀, àgbẹ̀ ń fi í sílẹ̀ kí ó di ẹtì. Ewé ń bọ́, àwọn ẹ̀dá tíntìntín ń padà, ilẹ̀ ń sọjí. Nígbà tí ilẹ̀ kò tó mọ́, ìgò oògùn apakoríko ọjà wá gba ipò ẹtì. Ní òpin àwọn ọdún 1980, àwọn àgbẹ̀ gúúsù Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dán mucuna wò, ìbátan wèrèpè tí kì í yún ni lára, láti fi bo ilẹ̀ kí ilẹ̀ náà lè sọjí, kí spéar sì lè kú láìsí oògùn. Ohun kan náà ni olóko Languedoc ń wá nígbà tó ń jẹ́ kí koríko hù láàárín ìlà àjàrà rẹ̀. Ọgbọ́n méjèèjì bá ara wọn mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkun ló là wọ́n láàárín.

Kò sí ohun tó ní kí ilé ìwádìí nìkan ni ó máa wo abẹ́ ilẹ̀. Àrọ Berlese kò le ṣe. Olùkọ́ ilé ìwé ní Sábẹ̀ lè gé ìgò oníke sí méjì, kí ó da apá òkè rẹ̀ dé bí àrọ, kí ó fi asẹ́ sí i, kí ó bu ìkúnwọ́ erùpẹ̀ méjì lé e, kí ó sì tan gílóòbù iná kékeré sí òkè rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Kí erùpẹ̀ kan ti oko tí wọ́n ti fín oògùn sí fún ọdún púpọ̀ wá, kí òmíràn ti abẹ́ mucuna tàbí ẹtì wá. Bí ó bá da ohun tó wà nísàlẹ̀ sórí àwo funfun, tó sì fi awò wò ó, àwọn ọmọ yóò rí àwọn ẹ̀dá náà: funfun, pupa rẹ́súrẹ́sú, dúdú bí hóró ìgbá. Wọn kò ní nílò orúkọ Látìnì kankan láti ka èyí tó pọ̀ àti èyí tó ṣọ̀wọ́n. Nígbà náà ni wọ́n lè béèrè lọ́wọ́ baba wọn ohun tó ń ṣe sí oko náà, kí baba sì ro ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, nítorí àwọn ọmọ náà ni yóò jogún rẹ̀.